Yìnyín Kì Í Rì

Bọ́tìnì pupa kan ló wà lójú kọ̀ǹpútà mi:
Yọ orúkọ mi kúrò.
Aago mọ́kànlá ti lé ogún ìṣẹ́jú ní Bọ́fálò,
ooru oṣù kẹsàn-án kò tíì relé,
fáànù tí Kéítílìn gbé sójú fèrèsé
ń fẹ́ ooru lọ, ó ń fẹ́ ooru bọ̀.
Tó bá di aago méjìlá, ilẹ̀kùn tì nìyẹn.
Ẹni tó wà nínú kẹ́mísírì ọ́nọ́ọ̀sì,
ibẹ̀ ló máa wà títí Kérésì á fi dé.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo tíì lò níbẹ̀.
Àwa méjìdínlógún la wà nínú yàrá kékeré;
nínú kẹ́mísírì lásán, wọ́n tó irínwó,
èèyàn lè sùn níbẹ̀ kí ó lálàá, kí ó jí.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Nowak kò kọ nǹkan kan.
Ó gbé ife omi kan kalẹ̀, yìnyín méjì léfòó nínú rẹ̀,
ó ní, "Kí ló dé tí kò rì?"
Ó sì dákẹ́,
ìdákẹ́ tó gùn ju ìwàásù lọ.
Ọmọkùnrin ará Tọ̀róńtò kan dáhùn,
ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí n kò gbọ́ rí ló lò.
Mo wo bàtà mi.

Bọ́lárìnwá tó wà lọ́dún kẹta
pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nílé oúnjẹ:
"Àbúrò, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í béèrè bóyá odò jìn,
wọ́n á kàn béèrè bóyá o gòkè.
Gba A rẹ níbi tí A ti wọ́pọ̀.
Èmi wọ ọ́nọ́ọ̀sì, mo gba C,
ó wà lára mi títí dòní bí ilà ojú."
Ìyáàfin tó ń gbà wá nímọ̀ràn
ti abọ́ súìtì síwájú mi,
ó ní èyí dára, tọ̀hún náà dára.
Mo mú súìtì méjì.

Bàbá mi pè láti ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́ òru,
ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́:
"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta
kì í wo ẹnu àáké."
Bàbá, mo gbọ́.
Ṣùgbọ́n àyálò ni àáké ọwọ́ mi,
èlé ń bímọ lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń sùn.
Bí ẹnu rẹ̀ bá kán, ta ni yóò san án?
N kò sọ ìyẹn jáde. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.
Òùngbẹ gbẹ mí. Mo ṣí fíríìjì kékeré wa,
òtútù rẹ̀ bà mí lójú,
àfi bí mo ṣe rántí ìgò màmá mi,
ìgò olódòdó tó gbé wá láti Ìlárá,
tí mo rọ omi kún dẹ́nu, tí mo tì bọ fìríìsà,
tó sì bẹ́ mọ́jú.
Ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà kò kéré.
Ìgò kò ṣàdédé bẹ́!
Omi tó ń di yìnyín ń wá àyè sí i ni:
kò wúwo ju ti àná lọ, ó kàn fẹ̀ ju ti àná lọ.
Ohun tó bá fẹ̀ láìwúwo, omi á gbé e.
Mo bú sẹ́rìn-ín. Kéítílìn yíra padà, ó kùn.
Mo pa kọ̀ǹpútà dé láìtẹ nǹkan kan.

Ìdánwò àkọ́kọ́: mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.
Yàrá ìfọṣọ ni mo lọ sunkún sí,
nítorí ariwo ẹ̀rọ.
Bí a ń sunkún, a máa ń ríran:
nísàlẹ̀ ìwé náà, pẹ́ńsù tóóró kan kọ ọ́ pé,
"Ìbéèrè kẹrin. Kò tọ̀nà, àmọ́ báwo lo ṣe rò ó débẹ̀?
Wá sọ fún mi."
Aṣọ mi kò tíì gbẹ.
Mo fi í sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, mo ń lọ.